Òrí Ló Ti Ilẹ̀kùn

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi ọdún mẹ́fà jù mí lọ, ṣùgbọ́n ojú tèmi ló sáré dàgbà. Tá a bá jọ lọ sọ́jà ní ibodè Igolo, èmi ni wọ́n ń pè ní màmá, òun ni àǹtí. Tíṣà ni mí, mo sì máa ń fi tu ara mi nínú pé ọmọ ọlọ́mọ ló mú mi gbó. Irọ́ ni. Ó ń dùn mí wọ eegun. Ohun kan ṣoṣo tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ ọjà náà ni pé ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé ẹrù. Mo gbà pé ó kàn lágbára ni.

Mo bá ra ìpara kan. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ ní Faransé pé pẹptíìdì wà nínú rẹ̀, ohun wínníwínní tí yóò sọ fún awọ ara pé kó le padà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi pa á tọkàntọkàn. Awọ mi kò gbọ́ Faransé.

Mo gbé ìjà mi lọ bá nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ní Ifangni. Ó bi mí bí mo ṣe ń lò ó. Mo ní tí mo bá wẹ̀ tán, màá nura gbẹ, màá fi òrí para dáadáa bí ìyá wa ṣe kọ́ wa, kí n tó wá fi ìpara lé e. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

"Màdáámù, awọ ara dà bí ibodè Igolo, kì í ṣe gbogbo ẹrù ló ń jẹ́ kó kọjá. Ẹ wá fi òrí ti ilẹ̀kùn, ẹ tún ń kanlẹ̀kùn. Bọn, ó dáa, kí omi má tíì gbẹ tán lójú yín, kẹ́ ẹ fi ìpara ṣáájú. Tó bá wọlé tán, kí òrí wá tì í mọ́bẹ̀."

Ó kìlọ̀ pé kí n má retí ojú ọmọ ogún ọdún. Mo ní ojú àbúrò nìkan ni mò ń wá.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ní Igolo, ọlọ́kadà kan wo àwa méjèèjì, ó ní kí àǹtí gba báàgì lọ́wọ́ màmá. Èmi ló ń pè ní àǹtí! Díẹ̀ ló kù kí n jó.

Ẹ̀gbọ́n mi na báàgì méjèèjì sí mi.

"Gbà á, àbúrò mi. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń ní kí n gba ẹrù lọ́wọ́ ẹ, mo sì ń gbà á láì sọ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n, kójú má baà tì ẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kanlẹ̀kùn kó tó wọ̀ mí lára. Mo gba báàgì, iṣu ló kún inú wọn, mo sì tẹ̀lé e lẹ́yìn dé ibi ọkọ̀.