Ife Tánganran Màmá Yúkì

Òórùn tíì yíyan ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà Màmá Yúkì láàárọ̀, kí n tó rí ojú rẹ̀ rárá. Ó dà bí òórùn àgbàdo tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà lára. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ nígbà náà. Ìyá mi á ti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, òtútù Duluth, nílẹ̀ òyìnbó tí à ń gbé, á máa ta wá létí, á sì máa sọ fún mi pé, "Fúnmi, kúnlẹ̀ kí Màmá dáadáa o. Mo ti ń late fún shift." Èmi á kúnlẹ̀, Màmá Yúkì náà á tẹrí ba fún mi, n ó tún kúnlẹ̀, á tún tẹrí ba, àfi bí ẹni pé à ń bára wa díje.

Obìnrin ará Japan ni Màmá Yúkì, opó tó ń dá gbé nínú ilé tó kángun sí tiwa. Bàbá mi á ti wà lọ́nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Riverdale kí a tó jí, ìyá mi sì gbọ́dọ̀ dé ọsibítù kí bọ́ọ̀sì iléèwé tó wá gbé wa. A kò ní ẹbí kankan nítòsí. Bí kì í bá ṣe ti Màmá Yúkì, n kò mọ ẹni tí ì bá máa gba èmi àti Táyọ̀ àbúrò mi láàárọ̀. Ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í pè é lórúkọ láìfi Màmá ṣáájú.

Orí tábìlì kékeré kan la máa ń jókòó sí mu tíì. Àwọn ife rẹ̀ kò ní etí tí èèyàn lè dì mú. Tánganran funfun ni wọ́n, wọ́n fẹ́lẹ́ débi pé bí mo bá gbé ọ̀kan sókè sí iná, mo máa ń rí òjìji ìka mi láti inú. Ọkọ rẹ̀ olóògbé ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ wọ́n nígbà tí wọ́n ṣì wà nílùú wọn, òun náà ló ya ewé aláwọ̀ aró sí wọn lára. Nítorí pé iṣẹ́ ọwọ́ ni, kò sí méjì tó bára mu tán. Ọ̀kan wà tí aró kán sí nídìí. Màmá Yúkì ní níbi tí ọkọ òun ti ń ya ìyẹn lọ́wọ́ ni òun ti ké sí i lójijì pé kó wá jẹun. Ife yẹn ló máa ń mú fún ara rẹ̀.

Kì í bu tíì kún ife kan kó tó kan òmíràn. Á da díẹ̀ sí tèmi, díẹ̀ sí ti Táyọ̀, díẹ̀ sí tirẹ̀, á tún gba ọ̀nà tó gbà lọ padà, títí ẹ̀kán tó gbẹ̀yìn á fi jáde nínú ìkòkò tíì, kí ti ẹnì kan má baà ki ju ti ẹnì kejì lọ. Bí mo bá ráhùn pé ife náà gbóná, á ní, "Bí ọwọ́ rẹ kò bá tíì lè gbà á, ẹnu rẹ náà kò tíì lè gbà á." Mo bá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró de nǹkan.

Lọ́dún kan, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Bí ìyá mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í tíì bọ́ bàtà tí á fi kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò, tí á sì fún un ní ògì. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó kó gbogbo ife náà àti ìkòkò wọn sínú àpótí igi, ó sì gbé wọn wá fún wa. Ìyá mi kúnlẹ̀ gbà á, ó sunkún. Ó wá ṣe ohun tí gbogbo ìyá tí a mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ì bá ṣe: ó tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, láàárín àwọn àwo àlejò tí àlejò kankan kò tíì fi jẹun rí, ó tì í, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan gíláàsì yẹn máa rí pupa ojú òun. Mo máa ń lọ dúró síwájú rẹ̀, ọwọ́ mi lẹ́yìn, n ó máa wò wọ́n. Ó tún sọ fún bàbá mi pé ife márùn-ún péré ló wà níbẹ̀ dípò mẹ́fà, ó jọ pé ìkẹfà ti fọ́ mọ́ Màmá lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe béèrè.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó pe Màmá Yúkì wá jẹun. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó gbé tíì onímílíìkì wá nínú kọ́ọ̀pù ńlá tí wọ́n pín fún wa níbi ayẹyẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Yúkì wo kọ́ọ̀pù náà, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù. Kò mu ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tó fi ní ó rẹ òun, ó sì lọ. Nígbà tó di Mọ́ńdè, kò sí òórùn tíì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Omi ló fún wa. Ó wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé kí n sọ fún ìyá mi pé bí àwọn ife náà kò bá tẹ́ wa lọ́rùn, kó dá wọn padà, òun kò ní bínú. Lójú mi, ilẹ̀kùn tó ń gbà wá láàárọ̀ ti fẹ́ tì mọ́ wa.

Mo jíṣẹ́ náà fún ìyá mi nírọ̀lẹ́. Kò bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó to àwọn ife náà sínú tíréè, a sì tẹ̀ lé e lọ sílé kejì. Mo rò pé ó fẹ́ lọ dá wọn padà ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ìyá mi wí. Òyìnbó ló ń sọ o, ṣùgbọ́n Yorùbá ló wà lábẹ́ rẹ̀. "Nílé tiwa, ohun tá a bá fẹ́ràn jù, ńṣe la máa ń tì í mọ́lé."

Màmá Yúkì wo àwọn ife náà títí. "Ọkọ mi mọ wọ́n kí wọ́n lè máa gbóná lọ́wọ́ èèyàn," ló wí. "Òtútù ń mú wọn nínú gíláàsì yẹn."

Omijé bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Ìgbà náà ni ìyá mi tó láyà láti béèrè ife kẹfà. Màmá Yúkì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní kò sí ìkẹfà kankan, nílùú tàwọn, ife márùn-ún ló máa ń pé. Ìyá mi bá fi ìka kà wá: òun, bàbá mi, èmi, Táyọ̀. Ó mú èyí tí aró kán sí nídìí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú Màmá Yúkì. "Tiyín nìyí, Màmá. Ẹ̀yin lẹ mú wa pé."

Láti ìgbà náà, ilé tiwa ni Màmá Yúkì ń wá láàárọ̀, òórùn tíì sì kó wá sí kíṣìnì wa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí èmi àti Táyọ̀ fi dàgbà.

Loganville ni mo ń gbé báyìí. Màmá Yúkì ti di olóògbé, ìyá mi sì ti fẹ̀yìn tì, ọ̀dọ̀ mi ló wà. Èmi ló kó àwọn ife náà fún nígbà tí mo ṣègbéyàwó. Orí pẹpẹ gbalasa tí kò ní ilẹ̀kùn ni mo tò wọ́n sí, ọmọbìnrin mi ń fi ọwọ́ méjèèjì mu tíì nínú wọn, mo sì ń dúpẹ́ láràárọ̀ pé obìnrin méjì ló tọ́ mi.

Lóṣù tó kọjá, mo gbọ́ ìró kan ní kíṣìnì. Mo sáré wọlé, mo bá ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń fọ abọ́, ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń wo ojú mi bí èmi ṣe máa ń wo tirẹ̀ nígbà kan. Ife kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń ṣa àfọ́kù, mo sì rí ìdí rẹ̀: aró tó kán wà níbẹ̀. Mo gbé e hàn án.

"Màmá ti wá mú tiwọn," ló wí.

Mo gba ọwọ́ rẹ̀, mo mú un jókòó, mo sì gbé omi kaná. Mo ní ẹ ṣé, Màmá. Àwọn méjèèjì ni mo ń kí.