Àkùkọ Abọ́lọ́rùn Mi àti Ẹyin Méje Tó Fi Sílẹ̀

Àkùkọ mi kò ní ìyẹ́ lọ́rùn. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní abọ́lọ́rùn: láti abẹ́ àgbọ̀n títí dé ibi tí àyà ti bẹ̀rẹ̀, awọ pupa lásán ni, àfi ìdì ìyẹ́ kékeré kan níwájú tó fẹ̀ tó ìka mi méjì. Àwọn àlejò máa ń rò pé àìsàn ló bó o lọ́rùn. Nígbà tí mo rà á ní ọjà Gàmbàrí tí mo gbé e wálé, ìyàwó mi ní ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìyẹ́ rẹ̀ kí n tó yí ọkàn padà ni. Èmi ò tíì rí adìyẹ tó lẹ́wà tó o. Nígbà tí ooru bá mú, tí àwọn tó kù la ẹnu sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, òun á máa tan ilẹ̀ kiri nínú oòrùn bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ìdì ìyẹ́ yẹn ṣe pàtàkì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀. Abọ́lọ́rùn tó jogún ọrùn náà lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá kì í sábà ní in, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló sì máa jọ ọ́. Èyí tó bá ní in, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló ti jogún ọrùn rẹ̀. Bí irú èyí bá gun adìyẹ lásán, nǹkan bí ìdajì ọmọ rẹ̀ ló máa jọ ọ́. Ìdajì tó kù á ní ìyẹ́ lọ́rùn bíi ti gbogbo adìyẹ, kò sì sí nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tí wọ́n lè fi bí abọ́lọ́rùn mọ́. Tiwọn parí síbẹ̀.

Mẹ́tàlá ni adìyẹ mi nígbà yẹn. Àkùkọ náà ni ọ̀kan, méjì nínú àwọn obìnrin sì jẹ́ ọmọ rẹ̀ tó jọ ọ́ lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Mo kà á lórí fọ́ọ̀nù, mo bi àwọn tó ń tà á, mo sì ń kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé. Òfin mi kò ju ọ̀kan lọ: adìyẹ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á lo ọjọ́ mẹ́rìnlá nínú àgò kan lẹ́yìn ilé ìdáná kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn tó kù. Mo ti fi òfin yìí yọ gbogbo àdúgbò lẹ́nu.

Ìyá ìyàwó mi dé láti Òkè-Òyì ní ọjọ́ Àlàmísì kan lẹ́yìn ìrun Alásàárì. Wọ́n fa àgbébọ̀ dúdú kan tí a so lẹ́sẹ̀ méjèèjì yọ nínú àpò ìrẹsì.

"Ọkọ ọmọ mi, tìẹ nìyí. Èyí tó dára jù nínú tèmi ni mo mú wá."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n tẹ̀lé mi. Wọ́n rí i pé àgò ni mo ń ṣí.

"Kí ló dé tí o fẹ́ tì í mọ́lé? Ó jalè ni?"

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni àlejò ń ṣe lẹ́wọ̀n ńbí. Ẹ dúpẹ́ pé kò ní kí ẹ̀yin náà wọlé sí i."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí àìsàn, Màmá," mo ní.

Ojú wọn yí padà. "Adìyẹ mi ń ṣàìsàn?"

Kí ni àna ọkùnrin lè fi dáhùn ìyẹn? Mo ní rárá o, eré ni. Mo tú okùn ẹsẹ̀ adìyẹ náà, mo sì jẹ́ kó lọ bá àwọn tó kù. Àkùkọ mi ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ó na apá kan sílẹ̀, ó fi ń gbálẹ̀, ó sì ń yí i ká bó ti máa ń ṣe.

Nígbà tó di ọjọ́ Àtìní, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin péré, àgbébọ̀ dúdú náà ti kú. Ìgbẹ́ rẹ̀ dàbí omi ewé. Mo mọ ohun tó jẹ́ kí n tó fọwọ́ kàn án: lùkúlùkú ni, àìsàn tó ń ran adìyẹ bí iná. Ó ti lé ní oṣù kan tó yẹ kí n ti fún tèmi ní àjẹsára. Ìgò tó kéré jù tí mo rí rà tó fún igba adìyẹ, mẹ́tàlá sì ni tèmi, mo wá ń dúró de ẹni tí a jọ máa pín in.

Ní Àlàmísì tó tẹ̀lé e, a kírun Àsùbáà tán, àkùkọ kò kọ. Mo bá a tó dúró sí igun ògiri, apá rẹ̀ ti wálẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọrùn pupa yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, ojú rẹ̀ kọ sí òkè.

"Bàbá wọn, ẹ pe alfa kó wá bá wa dúńbú rẹ̀," ìyàwó mi ní. "Ẹ má jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀ kó di òkúǹbete."

"Ó ṣì ń mu omi."

"Ẹni tó ń kú náà ń mu omi."

Lùkúlùkú ò ní oògùn. Èmi gan-an ni mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn. Síbẹ̀ mo ra síríńjì, mo po omi pọ̀ mọ́ ṣúgà àti iyọ̀, mo sì ń kán an sí i lẹ́nu ní wákàtí wákàtí, fún ọjọ́ méjì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, ó kú nígbà tí mo ń fọ síríńjì lọ́wọ́. Ọ̀bẹ ì bá ti ṣe é lóore. Nítorí ara mi ni mo ṣe fi ọjọ́ méjì yẹn kún ìyà rẹ̀.

Mo gbẹ́ ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, mo sin ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti ṣáájú rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni méje nínú àwọn tó kù. Mẹ́ta péré ni àìsàn ò tíì dé ara wọn. A dúńbú wọn lọ́jọ́ náà. Èmi ò jẹ nínú ẹran wọn.

Ohun tó kù ni ẹyin. Mo máa ń fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ tí wọ́n yé e sára ẹyin kọ̀ọ̀kan, mo sì ń tò wọ́n sínú èèrí àgbàdo nínú yàrá, de ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn adìyẹ mi bá fẹ́ sàba. Méje nínú wọn ni wọ́n ti yé kí àgbébọ̀ dúdú tó dé. Èyí tó pẹ́ jù ti ń lọ sí ọjọ́ mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ojoojúmọ́ ni agbára inú ẹyin ń dín kù. Bí abọ́lọ́rùn mi bá máa ní àtẹ̀lé kankan, inú méje yẹn ló wà.

Mo pe ọkùnrin kan ní Tanke tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa ẹyin di ọmọ. Bó ṣe gbọ́ lùkúlùkú, ó ní kí n má tilẹ̀ gba iwájú ilé òun kọjá. Ohun tí èmi náà ì bá sọ nìyẹn.

Ó wá ku ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó mi ní Òkè-Òyì, bóyá ọ̀kan nínú adìyẹ wọn á lè sàba lé e. Nínú ọkọ̀, mo gbé páálí ẹyin lé itan, mo ń ro irọ́ tí mo máa pa nípa àgbébọ̀ tí wọ́n fún mi. Mo fẹ́ sọ pé àwòdì gbé e, àmọ́ àwòdì wo ló ń gbé àgbébọ̀?

Agbo ilé wọn dákẹ́. Ibi tí adìyẹ kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́rọ̀ ni. Màmá ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n kí mi, wọn ò sì béèrè adìyẹ kankan.

"Màmá, àwọn adìyẹ dà?"

Wọ́n bó ẹ̀gẹ́ ọwọ́ wọn tán. "Wọ́n ti tán."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tí mo wá sọ́dọ̀ yín, mẹ́rin ti kú. Mo ní kí n tètè mú èyí tó ṣì le jáde. Mo ní ọkọ ọmọ mi mọ̀ nípa adìyẹ, tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á yè." Ọ̀bẹ ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wò. "Ṣé ó yè?"

Mo sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn. Mo fo ọ̀rọ̀ àgò, àmọ́ àwọn gan-an ló rántí rẹ̀.

"Ilé tí o fẹ́ tì í mọ́ yẹn."

"Kádàrá ni, Màmá."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Èmi ni mo dà ọ́ láàmú."

Pẹ́pẹ́yẹ wọn nìkan ni lùkúlùkú kò pa, ó sì ti sàba lórí ẹyin tirẹ̀. A kó ẹyin rẹ̀ kúrò, a fi méje tèmi rọ́pò. Nígbà tí mo ń tò wọ́n, a jọ ṣètò ọjọ́ iwájú: ọgbà wọn àti tèmi máa ṣófo fún oṣù mẹ́ta, a máa gbá ìgbẹ́ kúrò, a máa sun ún, kí oòrùn sì pa ilẹ̀. Ọmọ tí pẹ́pẹ́yẹ bá pa, inú yàrá ni wọ́n máa gbé e sí. Lẹ́yìn náà, ìgò àjẹsára kan, èmi àti agbo ilé mẹ́rin ní àdúgbò wọn á jọ rà á.

Ní ọjọ́ keje, mo padà lọ fi tọ́ọ̀ṣì fọ́ọ̀nù wo inú ẹyin. Márùn-ún mọ́ kedere bí omi. Méjì ní iṣan pupa tín-ín-rín tó tàn ká bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Mo kó márùn-ún tí kò sí ọmọ nínú wọn kúrò.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, Màmá pè mí. Ayọ̀ wà lóhùn wọn.

"Ọkọ ọmọ mi, ọ̀kan ti jáde o! Ó ń ké."

"Ọ̀kan? Ìkejì ńkọ́?"

"Ó lu ihò, kò lè jáde. Ó ti kú sínú èèpo. Àmọ́ èyí dáa, wàá fẹ́ràn rẹ̀."

"Ọrùn rẹ̀ ńkọ́, Màmá?"

"Ọrùn rẹ̀? Ìyẹ́ bò ó dé etí! Kò mú ìrísí bàbá rẹ̀ rárá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n la èèpo èyí tó kú, kí wọ́n wò ó. Mo gbọ́ bí èèpo ṣe ń fọ́.

"Èyí ò ní nǹkan kan lọ́rùn," wọ́n ní. "Bóyá ìyẹn ló pa á."

Kì í ṣe ìyẹn ló pa á. Mo kí wọn kú iṣẹ́, mo ní Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí èyí tó jáde. Wọ́n béèrè ìgbà tí mo máa wá mú un. Mo ní kó máa gbé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí ọgbà tèmi ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án.