Ọkàn Rọ́bà Tí Ìyá Sẹ̀wánù Sin

Bí ẹyọ irọ́ kan bá wà nínú èyí, kí ọkọ̀ dà mí nù sínú ọ̀sà. Èmi tí mo fúnra mi kọ́ ìwé, títí àwọn tíṣà fi ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀, ni mo ń sọ ọ́.

Dẹ́bórà ará Gbaji ló ń fi rọ́bà ṣe ọkàn ènìyàn, kí àwọn dókítà lè fi ọ̀bẹ dánra wò. Ó ṣe ti Sẹ̀wánù, apẹja erékùṣù Gberefu tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàìsàn, bí àwòrán inú àyà rẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́, títí ojú Dẹ́bórà fi pọ́n bí epo. Dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ náà fi ọkàn rọ́bà yìí han ìyá apẹja náà. Ìyá gbé e sá lọ, ó sin ín sídìí igi àgbọn tí wọ́n sin ìwọ́ ọmọ rẹ̀ sí. Dókítà ní láìsí i, òun ò ní la àyà Sẹ̀wánù.

Dẹ́bórà wọkọ̀ lọ bá ìyá náà.

“Màmá, rọ́bà ni. Ẹ jẹ́ ká hú u.”

“Ṣé ẹ máa ń hú òkú nílé yín ni? Bí o bá ṣe òmíràn, màá tún gbé e. Ara ọmọ mi ò ní sùn lọ́dọ̀ àlejò.”

“Ó ti rẹ̀ mí, màmá. Bí wọ́n bá gé òmíràn náà tán, màá kó o wá fún yín.”

“Títí kan èérún?”

“Títí kan èérún.”

Dẹ́bórà ṣe òmíràn, àwọn dókítà sì fi dánra wò. Iṣẹ́ abẹ Sẹ̀wánù yọrí. Lọ́jọ́ tó kó èérún rọ́bà wá, òkun gan-an dákẹ́. Òun àti ìyá náà sin ín tán, Dẹ́bórà sùn lọ sídìí àgbọn, kò sẹ́ni tó jí i títí oorun fi dá lójú rẹ̀.

Sẹ̀wánù ń tún àwọ̀n ṣe ní Gberefu báyìí. Ẹ lọ bi í.