Awakọ̀ Tí Ó Ń Ka Èrò Lára Táyà

Bí mo bá rántí awakọ̀ tí ó ń ná ọ̀nà Ìjàn sí Adó nígbà tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀ ní Èkìtì, ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń rí. Kí ó tó fún táyà ní afẹ́fẹ́, yóò dọ̀bálẹ̀ bí ẹni ń kí ọba, yóò wo bí ikùn táyà ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó. Ó máa ń wí pé, "Èrò lè purọ́, táyà kì í purọ́."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a ń gbé ìyá mi tí ibà dá gúnlẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Adó. Awakọ̀ wo táyà, ó ní, "Ẹni mẹ́jọ ló wà nínú ọkọ̀."

"Méje ni wá, Bàbá," ni ìyá mi fèsì. "Ibà ló ń ṣe mí, ojú mi ò fọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Afẹ́fẹ́ ẹni mẹ́jọ ni awakọ̀ fi sí táyà.

Ní ìdajì ọ̀nà, ìyá mi dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù. Awakọ̀ dá ọkọ̀ dúró, ó wá sẹ́yìn, ó fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún àyè tí ó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níhìn-ín. Ẹ padà sí ulé."

Ẹnikẹ́ni kò sọ̀ kalẹ̀. Síbẹ̀ mo rí i tí ọkọ̀ ga sókè díẹ̀. Àbí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi títí tí mo fi gbà pé mo rí i? N kò mọ̀ mọ́. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé awakọ̀ náà tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú táyà, ìyá mi sì béèrè omi.