Ẹ̀ka tí Ìpàdé Pín fún Mi

Ní àsìkò ọyẹ́, Ouagadougou a máa rí bí ìlú inú àlá. Eruku á bo Hamdalaye, àdúgbò wa, ìpè àdúrà á sì máa dún bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Inú eruku bẹ́ẹ̀ ni fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Dákà bá mi. Wọ́n ti gbà mí láti kọ́ ìṣàkóso òwò. Ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòmìnira, wọ́n ń wá ọmọ tó mọ̀wé kiri. Ohun kan ló kù: kí n mú ẹ̀ka kan nínú mẹ́rin, ìṣirò owó, ọjà títà, ìbójútó òṣìṣẹ́, tàbí ìrìnnà ẹrù.

Ìrìnnà ẹrù ni ọkàn mi wà. Láti kékeré, bí mo bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Àbíján bọ̀, màá dijú, màá máa bá abọ́ tánganran tí bàbá mi ń tà rìn, láti etí òkun, gba inú igbó, títí dé pápá gbígbẹ tiwa. Ìyá mi á pariwo pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ìrẹsì ń jóná!" Ó sì ń jóná lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n bàbá mi kì í dá nǹkan ṣe lẹ́yìn ìpàdé àwọn ará ìlú wa. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, ohun tó máa ń wí nìyẹn. Ìpàdé yìí ló ń pín ọjà fún ẹnikẹ́ni tó bá ti ilé dé, kí a má baà máa du oníbàárà mọ́ ara wa lọ́wọ́ ní ilẹ̀ onílẹ̀. Wọ́n á fún eléyìí ní aṣọ, wọ́n á fún tọ̀hún ní páàtì kẹ̀kẹ́. Bàbá mi mú fọ́ọ̀mù mi lọ síbẹ̀ lẹ́yìn Jímọ̀, wọ́n sì pín in bí ọjà. Nígbà tó dé, kò wo ojú mi.

"Wọ́n ní ìrìnnà ẹrù ti ní olúwa. Ti òṣìṣẹ́ ló kù fún ọ."

"Ta ló ni ín, Bàbá?"

"Ọmọ alága."

Ọmọ alága! Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ìṣirò ń lé sá! Inú bí mi, mo jáde láìdágbére, mo rìn títí dé etí adágún omi Tanghin. Mo jókòó lẹ́bàá oko alùbọ́sà, mo sunkún. Bí mo bá gbà, iṣẹ́ tí n kò fẹ́ ni màá fi gbogbo ayé mi ṣe. Bí n kò bá gbà, bàbá mi ni wọn yóò fìyà rẹ̀ jẹ.

Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ wá bá mi. Ó jókòó tì mí.

"Aṣọ ni mo fẹ́ tà nígbà tí mo dé ìlú yìí. Wọ́n ní ó ti ní olúwa. Mi ò fẹ́ràn abọ́ rí, ọjọ́ kan báyìí."

N kò mọ̀. Lójú mi, Ọlọ́run ló dá òun àti abọ́ pọ̀. Ó na fọ́ọ̀mù àti bíìrò sí mi.

"Kọ èyí tó o fẹ́. Ṣe kíá, la poste, ilé ìfìwéránṣẹ́, fẹ́ẹ̀ tì, d'accord, ṣé o gbọ́?"

Mo kọ ìrìnnà ẹrù.

Ìsinmi ọdún kejì ni mo tó padà wálé láti Dákà. Ìyá mi ní kí n gbé oúnjẹ lọ sí ìpàdé. Ẹlòmíràn ló jókòó sí àyè bàbá mi láàárín àwọn àgbà. Ìyàwó alága, tí a jọ ń gbé abọ́ ọbẹ̀, sọ ọ́ sí mi létí pé bàbá mi ti dìde níwájú gbogbo wọn, ó ní ọwọ́ òun ló kọ fọ́ọ̀mù náà, kí wọ́n fi ọmọ òun sílẹ̀, wọ́n sì gba àyè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wá rí i lẹ́nu ọ̀nà, òun nìkan, láàárín bàtà àwọn tó wọlé.

Mo kúnlẹ̀, mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ jókòó síbí?"

"Atẹ́gùn dára níbí," ó ní, ó sì ń jẹun lọ.