Ìkìlọ̀ Tí Àbúrò Mi Pa Lẹ́nu Mọ́

Bàbá Ìkìlọ̀ ni wọ́n ń pe àbúrò mi níbi iṣẹ́, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Láti kékeré ló ti máa ń sọ fún èèyàn pé ilẹ̀ ń yọ̀, pé omi gbóná. Mo máa ń sọ fún un pé ẹ̀rù ló máa pa á. Á kàn rẹ́rìn-ín ni.

Sọ́fítíwíà ló ń kọ. Ti aago ọwọ́ kan ló wà níkàáwọ́ ẹ̀, èyí tí àwọn tí ọkàn wọn ò le dáadáa ń dè mọ́wọ́, kó lè máa ṣọ́ bí ọkàn ṣe ń lù. Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi títí ó fi yé mi. Ẹ̀dà méjì ni wọ́n máa ń ṣe. Èyí tí wọ́n fi ń dán iṣẹ́ wò ní ọ́fíìsì máa ń pariwo sí gbogbo nǹkan, títí kan ohun tí kò tíì dá àwọn fúnra wọn lójú, kí àṣìṣe kankan má baà sá pa mọ́. Èyí tí wọ́n ń tà ńkọ́? Wọ́n á ti pa ìkìlọ̀ ìdánwò inú ẹ̀ lẹ́nu mọ́, torí oníbàárà ò ra aago láti fi gbọ́ wàhálà oníṣẹ́. Ojú kan náà ni wọ́n ti ń pa gbogbo ìkìlọ̀ ìdánwò yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pa iná yàrá.

Màámi, tí àìsàn ọkàn ń dà láàmú, ló ń bá a dán ẹ̀dà tó ń pariwo wò. Háà, ariwo! Bí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, á ké. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, á ké. Lọ́jọ́ kan tó ké ní báńkì, ẹ̀ṣọ́ ní kí wọ́n tú báàgì wọn. Màámi ní ọmọ táwọn bí gan-an ò yọ àwọn lẹ́nu tó báyìí. A rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tó yá, kò pa wọ́n lẹ́rìn-ín mọ́. Wọn ò rí oorun sùn, ẹ̀rù àtidìde lórí àga ń bà wọ́n. Wọ́n bẹ àbúrò mi pé kó fún àwọn nírú èyí tí gbogbo ayé ń lò. Àánú ìyá ẹ̀ ṣe é, ló bá sọ aago wọn di irú èyí tí wọ́n ń tà. Àdúrà tí wọ́n rọ̀jò ẹ̀ lé e lórí lọ́jọ́ yẹn, mo jowú ẹ̀.

Ohun tí kò rántí rèé. Ìkìlọ̀ kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe, èyí tó máa ké bí ọkàn bá ń rọra falẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dókítà ò tíì fọwọ́ sí i, ìyẹn ló fi ṣì wà láàárín àwọn ti ìdánwò. Àbúrò mi fúnra ẹ̀ ló fi í síbẹ̀. Nígbà tó pa ariwo aago Màámi, ó pa ìkìlọ̀ yẹn náà mọ́ ọn.

Ọ̀sán ni Màámi kú, lórí àga ní pálọ̀. Ìyàwó àbúrò mi ń gbálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó rò pé wọ́n ń tòògbé ni. A kì í fini joyè àwòdì ká má lè gbádìyẹ, ṣùgbọ́n aago yẹn ò gbé nǹkan kan. Nígbà tí àbúrò mi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó rí i pé láti àárọ̀ ni aago ti mọ̀ pé ọkàn wọn ń falẹ̀, kò kàn sọ fẹ́nì kankan ni. Dókítà ní ká ní a tètè gbé wọn wá láàárọ̀ yẹn ni, nǹkan ì bá ṣeé ṣe.

Wọ́n ti ya ìkìlọ̀ yẹn sọ́tọ̀ báyìí. Ó ń ké nínú ẹ̀dà méjèèjì, ọ̀gá wọn sì yin àbúrò mi fún un. Ṣùgbọ́n ìyìn yẹn ò dùn mọ́ ọn. Ó ti rù kan egungun. Kì í kìlọ̀ fẹ́nikẹ́ni mọ́.

Ó wá bá mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mò ń fọ abọ́. Ó dúró ti ilẹ̀kùn ìdáná, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti dárí jì mí?"

Mo mọ̀ pé kò mọ̀-ọ́n-mọ̀. Mo mọ̀ pé Màámi ló bẹ̀ ẹ́. Kò sí àlàyé tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ṣe fún mi tí mi ò tíì ṣe fúnra mi. Mo nu ọwọ́ mi, mo ní, "Mo ti dárí jì ẹ́. Lọ sinmi."

Ó sunkún, ó dúpẹ́, ó lọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀ bí ojú mi. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa fún un. Mi ò tíì dárí jì í.