Abẹ́ Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé mo lè dùbúlẹ̀ nínú gọ́tà kí èjìká mi má kan ògiri, èmi ni bàbá mi máa ń rán sábẹ́ ọkọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìkòsí la ń gbé nígbà náà, ní òpópónà kan tí mi ò ní dárúkọ, nítorí àwọn ọmọ ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, mi ò sì fẹ́ ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, kó máa bínú.

Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni bàbá mi ní. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n òun la fi ń jẹun. Láàárọ̀ kùtùkùtù, kí bàbá mi tó lọ sí ibi iṣẹ́, á gbé ìyá mi lọ sí Mile 12, wọn á kó apẹ̀rẹ̀ ata àti tòmátì sẹ́yìn ọkọ̀, wọn á gbé e wá sí Kétu níbi tí ìyá mi ti ń tà á. Bí ọkọ̀ yẹn bá kú, ọjà ìyá mi kú nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tí kò bá sì rí ọ́ìlì tó dáa, irin á máa jẹ irin nínú rẹ̀ títí tí yóò fi dákẹ́.

Mẹkáníìkì kan wà ní ìkángun òpópónà wa. Òun ni bàbá mi ń sanwó fún pé kó máa pààrọ̀ ọ́ìlì. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló máa ń ra ọ́ìlì tuntun, á gbé e fún un. Nígbà kan, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ó pààrọ̀ ọ́ìlì náà, bàbá mi fa irin tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì jáde, ó fi áńkáṣíìfù funfun nù ún. Dúdú! Dúdú bí ìdí ìkòkò! Ọkùnrin náà ti dá ọ́ìlì àtijọ́ padà síbẹ̀, ó ti ta tuntun fún ẹlòmíràn.

Bàbá mi mú áńkáṣíìfù náà lọ bá a. Gbogbo òpópónà ló gbọ́ ariwo wọn.

"Ṣé ọ́ìlì tuntun nìyí? Wò ó dáadáa, ìwọ olè yìí!"

"Ọ̀gá, ọkọ̀ yín ló gbó," ni mẹkáníìkì náà wí, kò tilẹ̀ dìde. "Ọkọ̀ arúgbó, ẹ fẹ́ kó máa tọ omi funfun?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹ̀rín yẹn ló dun bàbá mi ju olè tí ọkùnrin náà jà lọ. Ó búra níbẹ̀ pé ọwọ́ àlejò kankan kò tún ní kan ẹ́ńjìnnì òun mọ́. Mẹkáníìkì náà ní, "Ẹ óò padà wá. Ẹsẹ̀ yín náà lẹ máa fi rìn wá bẹ̀ mí."

A ò ní kòtò tí èèyàn lè wọ̀ láti rí abẹ́ ọkọ̀. Ohun tí àwọn ọkùnrin àdúgbò wa máa ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí gọ́tà bá ti gbẹ, ni pé wọ́n á wa ọkọ̀ gun orí gọ́tà, táyà méjì á wà ní ẹ̀gbẹ́ títì, méjì á wà lórí ògiri gọ́tà lápá ọ̀dọ̀ ilé. Gọ́tà náà á wá di kòtò. Bàbá mi ní ikùn, kò lè wọ̀ ọ́. Èmi ni àkọ́bí, mo sì gbẹ bí pańla nígbà náà. Mo máa ń tẹ́ àpò sìmẹ́ńtì sílẹ̀, màá rá wọlé, màá fi sípánà tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì á máa dà sínú bàsíà, èmi á sáré rá jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe é láìséwu. Bàbá mi á fa irin ọ́ìlì jáde, á gbé e sókè kí gbogbo òpópónà rí bó ṣe mọ́ bí oyin. Èmi náà á gbé àyà sókè.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin bọ́ sí àárọ̀ Sátidé kan. Mo ti wà nísàlẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn mẹkáníìkì yẹn lókè. Ó dún bíi pé pákò wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀gá, mi ò bá yín jà láàárọ̀ yìí. Ògiri gọ́tà yẹn ti mì. Típà oníyanrìn kan gùn ún lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ sún ọkọ̀ síwájú díẹ̀."

"Ìwọ!" ni bàbá mi wí. "Bí o bá sọ fún mi pé ilẹ̀ ti mọ́, màá jáde lọ wò ó kí n tó gbà."

Mo gbọ́ tí mẹkáníìkì náà tutọ́. "Ó dáa. Ọmọ yín ni, kì í ṣe tèmi."

Mo yí orí padà. Mo rí i. Ògiri tó wà lábẹ́ táyà iwájú ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó wà lókè kò lè rí i, ẹni tó bá wà nínú gọ́tà nìkan ló lè rí i. Yanrìn ń jò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí gààrí tó ń jò láti inú àpò. Mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: bí mo bá ní ògiri ti sán, ẹnu mẹkáníìkì ni mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, lójú bàbá mi, nígbà tí inú ń bí i tó báyẹn. Ọmọ ìgbà yẹn kì í dá bàbá rẹ̀ lẹ́kun. Mo pa ẹnu dé. Mo ní kí n tètè ṣe é kí n jáde.

Mo tú nọ́ọ̀tì náà. Ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Mo sì gbọ́ ohun kan tó dún bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Ọkọ̀ náà wálẹ̀. Ògiri kejì ló gbà á dúró, ibi tó sì dúró sí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ sí imú mi. Irin fún ọwọ́ òsì mi mọ́ ara ògiri. Ọ́ìlì gbígbóná dà sí ọrùn àti àyà mi, ó wọ ẹnu mi, mi ò lè ké. Bàbá mi ló ń ké lókè, ó ń fi ẹ̀ṣẹ́ gbá ara ọkọ̀ bíi pé ọkọ̀ ló ṣẹ̀ ẹ́.

Mẹkáníìkì yẹn ló gbé jáàkì sáré dé. Òun ló gbé ọkọ̀ sókè, òun ló nawọ́ wọlé. "Má mira, ọmọ mi, má mira." Òun ló fà mí jáde. Ìka méjì lára ọwọ́ òsì náà ni wọ́n gé kúrò nílé ìwòsàn.

Ẹ̀ ń rò pé wọ́n di ọ̀rẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọn ò di ọ̀rẹ́. Bàbá mi ní bí ọkùnrin náà kò bá jalè, ọmọ òun ì bá má wọ gọ́tà. Mẹkáníìkì náà sì sọ mí di ìtàn. Bí wọ́n bá rán mi níṣẹ́, tí mo kọjá níwájú rẹ̀, á pariwo pé, "Ọmọ mi, mélòó ló kù?" Àwọn tó jókòó tì í á sì rẹ́rìn-ín. Ó gbà mí là, mo mọ̀. Mo kórìíra rẹ̀. Ó ti kú báyìí, mi ò sì tíì dáwọ́ dúró. Inú bí mi sí bàbá mi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó sunkún lójú mi. Kò fìgbà kan bi mí léèrè ohun tí mo rí nísàlẹ̀ yẹn. Èmi náà ò sọ fún un títí ó fi lọ.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin wá láti Ifákọ̀ sí ilé mi ní Kétu. Ó ti ra ọ́ìlì, jáàkì àti sípánà, ó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀.

"Mummy, mo ti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù. Olè ni gbogbo àwọn mẹkáníìkì yìí."

Ẹ̀rù bà mí. Ohùn bàbá mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ mi. Kí n tó wọ bàtà jáde, ó ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó ti ki búlọ́ọ̀kù méjì sábẹ́ rẹ̀, ó ti tẹ́ ẹní. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀, mo sì wo abẹ́ ọkọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Sátidé yẹn.

"Búlọ́ọ̀kù yìí ti sán," ni mo wí. "Mo rí i."

"Ìlà kékeré ni, Mummy."

"Má wọbẹ̀!" Àwọn ará ilé kejì ṣí fèrèsé.

"Ẹ̀rù gbogbo nǹkan ló ń bà yín!"

Mo jókòó sórí ẹní rẹ̀. Mo ní kó wá gbé mi kúrò tó bá lè gbé mi. Ó pòṣé, òṣé tó gùn, ó sì sọ ọkọ̀ kalẹ̀.

A lọ bá mẹkáníìkì kan. Lójú mi ni wọ́n ti já ìdérí ọ́ìlì tuntun, lójú mi ni àtijọ́ ti dà jáde títí ó fi kán tán. Ọkùnrin náà wò mí. "Mummy, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

"Mi ò fọkàn tán ọ," ni mo dá a lóhùn.

Ayé ti yí padà. Nígbà tiwa, bàbá ló ń kọ́ ọmọ, lónìí fóònù ni, fóònù kì í sì í wo búlọ́ọ̀kù ẹnikẹ́ni. Ọmọ mi bá mi jiyàn lójú gbogbo àdúgbò, ó pòṣé sí mi, mi ò sì nà án. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní mo ti ba ọmọ jẹ́. Kí wọ́n máa wí. Ká ní èmi náà lè jiyàn láàárọ̀ Sátidé yẹn ni, ìka mẹ́wàá ni ǹ bá máa kà lọ́wọ́ mi lónìí.